Àwo Mẹ́fà Tí Wọn Ò Sè

Ekòló ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ lórí ọ̀ràn náà. Ó ń lọ́ra rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ Fínnífínní, ó sanra, ó ń dán, ara rẹ̀ sì le ju ti sájẹ́ǹtì tó dúró tì í lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jù ú nù," ni sájẹ́ǹtì wí. Kò fẹ́ràn ohunkóhun tí kò bá lẹ́sẹ̀.

 Fínnífínní ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ó ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ń fi ọwọ́ òsì gbẹ́ ilẹ̀ níbi kẹta. Ekòló méjì tún jáde. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ a sì máa bá a ṣọ̀tá bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀, orí àga ni irọ́ máa wá bá a. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì wà nínú ìwé iṣẹ́. Àmọ́ ní gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá, Fínnífínní ni wọ́n ń pè é, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè kan náà, á sì máa fetí sí ìdáhùn kejì bí ẹni tí kò gbọ́ àkọ́kọ́ rí.

Oko tó dúró sí kò tóbi ju àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ lọ. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ká a mọ́ yípo, wọ́n sì ri búlọ́ọ̀kù náà wọlẹ̀ jìn, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ìta. Ìrẹsì inú rẹ̀ ti kú. Ewé wọn ti gbẹ, àmì kéékèèké tó rí bí ojú ẹja sì wà lára wọn, àárín rẹ̀ funfun bí eérú, etí rẹ̀ pọ́n. Fínnífínní mọ àmì yẹn. Àrùn náà ló jẹ oko bàbá rẹ̀ run lọ́dún tó wà ní kíláàsì kẹrin, ó sì rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Inú rẹ̀ bàjẹ́ láti tún rí i.

Igun kan ṣoṣo ló yè. Níwájú ahéré bàbá tó ń ṣọ́ oko, ìrẹsì tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́ta dúró, ó tutù yọ̀yọ̀.

"Igun yẹn gan-an ló mú un," ni sájẹ́ǹtì wí.

"Tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́ nínú ọkọ̀, mà."

"Mo mọ̀. Tún un sọ."

Sájẹ́ǹtì mí kanlẹ̀, ó tún un sọ. Ọdún méje ni Dókítà, obìnrin onímọ̀ tó ni iṣẹ́ náà, fi ṣe ìyẹ̀fùn dúdú kan. Àwọn kòkòrò rere tí ojú lásán ò lè rí ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín, àwọn kòkòrò náà á fi gbòǹgbò ìrẹsì ṣe ilé. Wọ́n á máa ta gbòǹgbò lólobó, gbòǹgbò á sọ fún ewé, tí àrùn bá fi máa dé, gbogbo ara ìrẹsì á ti múra ìjà. Gbogbo irúgbìn oko yìí ni wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fùn náà, síbẹ̀ àrùn wọlé, ó sì pa wọ́n. Dókítà ní ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan ti da oògùn sílẹ̀, tó pa àwọn kòkòrò rere náà, kí àrùn lè ráyè wọlé. Wọ́n tú ahéré, wọ́n bá kẹ́ẹ̀gì oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ níbẹ̀. Wọ́n bi bàbá tó ń ṣọ́ oko pé kí ló wá ṣe ní igun yẹn lọ́jọ́ kejì ìgbìn, ó ní òun ò débẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló sì rí i níbẹ̀, tó tẹríba, tó ń fọwọ́ tú ilẹ̀.

"Ó dá ti iwájú ilé rẹ̀ sí, ó pa ìyókù," ni sájẹ́ǹtì fi parí ọ̀rọ̀. "Ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ rèé ní àtìmọ́lé. Lọ́la là ń gbé e lọ sí kóòtù. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló máa ti dúró de ìgbẹ́jọ́."

"Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìta àgọ́ ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀."

"Ikọ́ kì í ṣe ẹ̀rí, mà."

"Ekòló ńkọ́?" Fínnífínní na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Sájẹ́ǹtì fà sẹ́yìn. "Oògùn wo ló máa pa ohun tí ojú ò rí, tó wá pàdé ekòló, tó ní 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kọjá'? Tún wo koríko tó wà láàárín ìrẹsì tó kú yẹn. Ara rẹ̀ dá ju tèmi lọ."

"Bóyá ńṣe ni ekòló tún padà wá."

"Wọ́n fo búlọ́ọ̀kù?"

Sájẹ́ǹtì wo búlọ́ọ̀kù, ó wo ekòló.

Fínnífínní dá ekòló padà sílẹ̀, ó fi erùpẹ̀ bò ó. "Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sílẹ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi kún un lẹ̀ ń wá látọjọ́ yìí. Èmi ń wá ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí."

Kí wọ́n tó kúrò, ó yà sínú ahéré náà. Ibùsùn kan, àtùpà kan, bàtà kan tí wọ́n rán lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìkòkò omi jókòó sórí iyanrìn tútù. Fínnífínní ti ọwọ́ bọ inú iyanrìn náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó sì fa ọ̀rá kékeré kan jáde. Ọ̀rá náà ṣófo, àmọ́ eruku dúdú kù ní igun rẹ̀.

*

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Bàbá."

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Yàrá ìbéèrè náà kò ní fèrèsé. Wọ́n fi àga kan fún bàbá náà, ó sì jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má pẹ́. Ó tín-ínrín, irun rẹ̀ funfun, ó sì ń gbá ikọ́ mọ́ ẹnu bí ẹni pé ikọ́ náà ń dójú tì í.

"Bàbá, kí lẹ lọ ṣe ní igun oko yẹn lọ́jọ́ kejì ìgbìn?"

"Mi ò débẹ̀."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo ní mi ò débẹ̀, ọmọ mi."

Fínnífínní gbé ọ̀rá kékeré náà sórí tábìlì. Bàbá wò ó títí, ó sì rẹrìn-ín díẹ̀.

"Ojú yín mú o."

"Ẹni tí kò ní fíríìjì, tó sì fẹ́ kí nǹkan tutù, inú iyanrìn abẹ́ ìkòkò omi ló máa fi í sí. Ìyá àgbà tèmi náà ń ṣe é. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

 Bàbá sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbìn, Dókítà mú ọ̀rá ìyẹ̀fùn kan wá láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Wọ́n lo ìdajì rẹ̀. "Wọ́n ní kí n da ìyókù nù. Wọ́n tún ní kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Ohun ẹlẹ́mìí, kí n kàn dà á sínú pàǹtí! Ọwọ́ mi ò gbà á. Ọmọbìnrin mi ń gbin ìrẹsì díẹ̀ lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀. Mo ní màá mú un lọ fún un."

"Ẹ ò wá mú un lọ."

"Mi ò mú un lọ. Mo pò ó mọ́ omi, mo dà á sídìí irúgbìn tó wà ní igun yẹn."

"Oko ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ tún fi kún un?"

Ikọ́ gbá bàbá náà mú. Ó wú u títí omi fi jáde lójú rẹ̀, Fínnífínní dìde, ó bu omi fún un, ó sì di ìgò omi náà mú fún un títí ó fi mu tán. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dókítà ńkọ́? Ṣé ara ìyá wọn ti yá?"

"Ìyá wọn ń ṣàìsàn?"

"Wọ́n sáré gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ ìgbìn." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ṣé Dókítà ti béèrè mi?"

Fínnífínní kì í parọ́ fún àgbà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ irọ́ tó lè mú ọkàn fúyẹ́. "Rárá, Bàbá."

Bàbá mi orí. Ó ní kò burú.

*

"Ó jalè, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ìdí tó fi parọ́ nìyẹn," ni sájẹ́ǹtì wí nínú ọkọ̀. Ó ń wakọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, torí pé ẹjọ́ rẹ̀ ti ń jò.

"Ohun tí wọ́n ní kó dà nù ló tọ́jú. Tó bá jẹ́ olè nìyẹn, èmi náà jí kẹ́ẹ̀kì níbi ìfẹ̀yìntì ọ̀gá wa. Gbọ́ mi. Ìyẹ̀fùn kan náà ni. Ìdajì ọ̀rá tó wà nínú iyanrìn tútù gba ìrẹsì tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́ta là. Ọ̀rá tó kún páálí kan, tí wọ́n pò mọ́ irúgbìn oko, kò gba ewé kan là. Kí ló pa ti inú páálí?"

"Alákẹ́míkà," ni sájẹ́ǹtì wí kíá. Ó ti ń wá ẹlòmíràn tó máa dì mú. "Ọkùnrin tó ń ta oògùn àrùn ewé nísàlẹ̀ òpópó. Ó pariwo lójú gbogbo èèyàn pé ìyẹ̀fùn Dókítà máa bàjẹ́ ni. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, mà."

Wọ́n bá Alákẹ́míkà lábẹ́ fáànù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ikùn rẹ̀ síwájú, ìgò oògùn lẹ́yìn rẹ̀ dé àjà. Kò dìde.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ó ní. "Ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé, àní."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìyẹ̀fùn náà máa bàjẹ́?"

"Èmi ni. Mo tún sọ pé òjò máa rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò rọ̀. Ṣé mo wá di òjò mú ni?"

"Níbo lẹ wà lọ́sẹ̀ ìgbìn?"

"Orí ibùsùn. Iṣẹ́ abẹ ìpákè." Ó gbé ẹ̀wù sókè kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kó má ṣe é. Ojú àpá náà gùn, ó sì ṣì pupa. Sájẹ́ǹtì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ta lẹ tún lè rán?"

"Rán sí ibo? Inú fíríìjì tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì ni ìyẹ̀fùn yẹn ń gbé, ọrùn Dókítà sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Gbogbo èèyàn mọ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ìyá, ẹ gbọ́. Látìgbà tí ìrẹsì ti kú, ẹ rò pé mò ń tajà? Àwọn àgbẹ̀ gba iwájú mi kọjá, wọn ò kí mi. Wọ́n ní èmi ni mo ṣe é. Ọmọ mi ò fẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè."

Fínnífínní gbà á gbọ́. Nígbà tó jókòó padà sínú ọkọ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kù sí, kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ ti ọrùn tó wà yẹn. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ nípa ìyẹ̀fùn náà ló ti ń gbàdúrà nínú pé kó jẹ́ òótọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyẹ̀fùn ò lè ṣe é lóore mọ́, àmọ́ àwọn bàbá mìíràn ṣì ń bẹ tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

*

Yàrá ìwádìí Dókítà mọ́ débi pé Fínnífínní nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó pàdé rẹ̀ níbẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún, ó rù, ojú rẹ̀ jìn sínú bí ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti kí i.

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ṣé Bàbá ti jẹ́wọ́ ni?"

"Ó jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ẹ jókòó, Dókítà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ mi ni. Kí ìyẹ̀fùn yín tó dé oko, báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ohun inú rẹ̀ ṣì ń mí?"

Ara Dókítà rọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ló ń béèrè, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú àwo dígí pẹlẹbẹ kan sókè, oúnjẹ àwọn kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ bí ògì tó dì. "A máa po ìyẹ̀fùn díẹ̀ mọ́ omi, a máa fi ra orí èyí. Tó bá máa di ọjọ́ méjì, ẹ máa rí wọn, wọ́n á hù lójú àwo tó-tò-tó bí ìrẹsì sísè tó dà sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti kú, ojú àwo máa mọ́."

"Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti oko yìí?"

"Mo ṣe é. Ọjọ́ tó ṣáájú ìgbìn ni mo wò ó. Àwo mẹ́fà."

"Wọ́n hù?"

"Gbogbo wọn kún."

Fínnífínní mi orí, ó sì ń wo yàrá náà káàkiri. Lára ògiri, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: ÀWO TÍ NǸKAN BÁ HÙ LÓJÚ RẸ̀, Ẹ SÈ É KÍ Ẹ TÓ FỌ̀ Ọ́. KÒ SÍ ÀWÁWÍ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń sè é wà, wọ́n ń fi bóòtù irin de ìdérí rẹ̀ pa. Rọ́bà tó yí ìdérí náà ká jẹ́ tuntun, ó dúdú, ó ń dán.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sè é?"

"Kí ohun tó hù má bàa bá omi ìdọ̀tí jáde lọ síbi tí kò yẹ. Èmi kì í fi ìyẹn ṣeré. Mo ti dá ẹnìkan dúró lẹ́nu iṣẹ́ torí ẹ̀."

"Àwo mélòó lẹ pè é?"

"Mẹ́fà, mà."

"Wọ́n sì hù?"

"Mo ní gbogbo wọn kún." Ohùn Dókítà le díẹ̀. Fínnífínní dúpẹ́, ó sì béèrè ibi tí òun ti lè mu omi.

*

Ìyá Aláwo wà lẹ́yìn ilé, ó ki ọwọ́ bọ inú omi ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Òun ló ń fọ gbogbo dígí yàrá ìwádìí náà, ó sì sọ pé òun ò tíì fọ́ méjìlá láti ìgbà tí òun ti débẹ̀.

"Rọ́bà ìkòkò yín yẹn dára o," ni Fínnífínní wí. Ó jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Ṣẹ́ ẹ rí i? Èyí àtijọ́ ya, ó fi ojú mi rí màbo. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìkòkò ò fi ṣiṣẹ́! Àwo ìdọ̀tí ń rọ́ jọ nínú korobá, òórùn ẹ̀ lè lé òkú dìde. Mi ò lè fọ̀ ọ́, torí wọn ò sè é."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Àkókò ìgbìn gan-an. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìgbìn ni wọ́n tó mú rọ́bà tuntun dé."

Fínnífínní fa korobá rẹ̀ súnmọ́ ọn.  "Ẹ ò wá fọ àwo kankan ní odidi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn?"

"Rárá o. Àfi àwo mẹ́fà tí Dókítà fúnra wọn gbé wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbìn. Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀."

"Láìsè é?"

"Ohun tí èmi náà bi wọ́n nìyẹn! Wọ́n ní kò sí nǹkan lójú ẹ̀. Mo wò ó, lóòótọ́ ni, ó mọ́ bí ojú dígí. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi fọ̀ ọ́ tán. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe pé ó hù, tí wọ́n kàn gbójú fo òfin?"

Ìyá Aláwo yọ ọwọ́ nínú omi, ó wo Fínnífínní bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. "Dókítà? Tí ọmọ inú wọn bá fọ àwo tí wọn ò sè, wọ́n á lé e jáde. Mà, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé mo ti sọ ohun tí kò yẹ ni?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan tí kò yẹ," ni Fínnífínní wí. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ sì ké.

*

Ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó sọ̀rọ̀. Sájẹ́ǹtì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò irin náà, kò sì mọ ibi tó máa kọjú sí.

"Dókítà, tí àwo mẹ́fà yẹn bá hù, korobá tó ń rùn lẹ́yìn ilé ló yẹ kí wọ́n ti sùn títí rọ́bà tuntun fi dé. Ẹ gbé wọn lọ síbi ìfọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú gbogbo ayé yìí, ohun kan ṣoṣo ló lè mú kí ẹ̀yin gbé àwo lọ fún fífọ̀ láìsè é."

Dókítà mú àwo dígí kan lórí tábìlì.

"Ojú wọn mọ́. Ìyẹ̀fùn ti kú, ẹ sì ti mọ̀ kí irúgbìn kan tó wọlẹ̀. Kí ló pa á?"

 Fíríìjì ń kùn ní igun yàrá. Nígbà tí Dókítà máa fèsì, àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Búùtù ọkọ̀ mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta ká gbìn, mo ń gbé páálí náà lọ sí fíríìjì tó wà lóko. Wọ́n pè mí lójú ọ̀nà pé màmá mi ṣubú. Mo yà sílé ìwòsàn. Àárọ̀ ni mo débẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rántí pé páálí wà nínú búùtù. Oòrùn ọjọ́ yẹn... Mà, mi ò lè ṣe òmíràn kí àkókò ìgbìn tó kọjá. Àwọn tó ń fowó ràn wá lọ́wọ́ ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa wá wo oko. Ọdún méje! Mo ní bóyá àrùn ò ní wá lọ́dún yìí. Ọdún mìíràn wà tí kì í wá."

"Àmọ́ ó wá."

"Ó wá." Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ọ̀kan nínú àwọn tó wá wo oko ló bi mí bóyá ẹnìkan da nǹkan síbẹ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ẹ̀yin ọlọ́pàá fi máa dé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni mẹ́rin, mo wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo rí i."

"Bàbá arúgbó sì wà ní àtìmọ́lé."

"Mo rò pé wọ́n máa tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá di alẹ́, màá ní lọ́la ni màá lọ. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé." 

Inú bí Fínnífínní, àánú obìnrin náà sì tún ṣe é, kò sì mọ èyí tó wúwo jù. "Ṣé ẹ mọ ohun tó dùn mí jù? Ìyẹ̀fùn yín ṣiṣẹ́. Ìdajì ọ̀rá tẹ́ ẹ ní kí Bàbá dà nù ló tọ́jú sínú iyanrìn tútù, òun ló sì dà sí igun yẹn. Ilẹ̀ kan náà, irúgbìn kan náà, àrùn kan náà. Èyí tí òkú ìyẹ̀fùn wà nídìí rẹ̀ kú, èyí tí ààyè wà nídìí rẹ̀ yè. Ẹ̀rí tẹ́ ẹ ti ń wá látọdún méje ti wà níwájú ahéré yẹn, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ti ẹlẹ́rìí yín mọ́lé."

Dókítà bo ojú. Lẹ́yìn náà, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ti ṣetán.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Fínnífínní fúnra rẹ̀ ló lọ ṣílẹ̀kùn. Bàbá jáde wá sí iwájú káńtà, ó fi ọwọ́ kan di ara rẹ̀ mú lára ògiri. Bí Dókítà ṣe rí i tó ti rù tó, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn tutù," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń dìde jókòó?"

"Wọ́n ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, Bàbá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹ̀fùn yẹn, ó ti..."

"Mo mọ̀."

Dókítà gbójú sókè.

"Ta ló gbé páálí jáde nínú búùtù lọ́jọ́ tó o dé oko? Ṣebí èmi ni. Ó gbóná lọ́wọ́ mi bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ìwọ lo kọ́ wa pé wọn ò fẹ́ ooru." Ikọ́ díẹ̀ dá a lẹ́kun. "Nígbà tí mo rí i pé o ní ká gbìn ín bẹ́ẹ̀, mo ní á jẹ́ pé ìdààmú ìyá rẹ ni. Mo wá fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi sí igun yẹn, kí gbogbo ẹ̀ má bàa kú tán."

 Fínnífínní rántí ìbéèrè náà: kí ló dé tẹ́ ẹ tún fi kún un? Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ṣe kókó nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi í. Ikọ́ dé, ó bu omi, kò sì padà síbẹ̀. Òun àti sájẹ́ǹtì ti rò pé nítorí ìdajì ọ̀rá ni arúgbó náà fi ń sá fún ọ̀rọ̀.

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?" ni Dókítà wí. "Ọjọ́ mọ́kànlá, Bàbá? Gbólóhùn kan péré ni ì bá yọ yín."

"Tí mo bá sọ ọ́, mo ti fẹjọ́ rẹ sùn nìyẹn. Tí ìwọ bá sọ ọ́, àṣìṣe lásán ni." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. "Ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá dún lára ilẹ̀kùn yẹn, màá jí jókòó. Màá ní ọmọ mi ti dé, ó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Kò sí ẹni tó lè wo ẹnìkejì lójú. Sájẹ́ǹtì yọ ìwé jáde láti kọ ọ́ pé wọ́n tú bàbá náà sílẹ̀, ó sì nà án sí i láti tẹ̀ka. Bàbá kò gbà á.

"Kò tíì yá," ó ní. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Dókítà. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Mo ti dúró dè é láti ọjọ́ yìí."

Dókítà dìde. Ó rìn dé iwájú káńtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi búùtù ọkọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti fẹ́ sọnù, Fínnífínní ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Bàbá arúgbó náà ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó gbé e lé orúnkún rẹ̀, kò wọ̀ ọ́, ó ń gbá ikọ́ mọ́ ẹnu kí ọ̀rọ̀ kankan má bàa fò ó.